Ẹrù Ti Gba Stóò: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Ẹ̀yin Òǹkàwé Wa

Ìbéèrè: Olóòtú wa, mo kí yín o. Ilé oníyàrá mẹ́ta ni èmi àti ọkọ mi ń gbé ní Àkóbọ̀, n'Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn ọmọ wa mẹ́ta, èyí tó kéré jù kò sì tíì pé oṣù mẹ́ta. Láti ìgbà tí ìyá ọkọ mi ti ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá bá wa gbé, àpótí aṣọ wọn àti báàgì Ghana-must-go ti kún stóò dé òkè, bẹ́ẹ̀ ni kúlà, ìkòkò òde ìnáwó àti rọ́bà tí wọ́n ń pín lóde àríyá ti gba abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Bí mo bá ní ká kó díẹ̀ dànù, ọkọ mi á ní yóò wúlò lọ́jọ́ kan. Mo ti ń rò ó pé kí n dúró di ọjọ́ tí màmá bá lọ ìsọjí ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí n pe àwọn tó ń kó ìdọ̀tí, kí n palẹ̀ gbogbo rẹ̀ mọ́. Ṣé ó burú?
*Ìyàwó Ilé, Ìbàdàn*

Ìdáhùn: Ó burú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Màmá yóò bínú, ọ̀rọ̀ náà yóò sì ti dé etí àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ yín kí ilẹ̀ tó ṣú, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló jẹ mí lógún jù. Ẹ kò mọ ohun tó wà nínú àpótí wọ̀nyẹn. Nínú àpótí àgbà obìnrin, aṣọ ẹbí tí kò tó nǹkan lè wà lókè, kí sányán, àlàárì tàbí ẹtù tí wọ́n fi ṣe ìgbéyàwó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Mo sì ti rí ibi tí wọ́n ti bá ìwé ilẹ̀ láàárín ìró méjì. Òwú tí wọ́n ń fà láti ara ìtẹ́ kòkòrò inú igbó ni wọ́n fi ń hun ojúlówó sányán, kò sì pọ̀ lọ́jà mọ́, nítorí náà ohun tí ẹ bá kó fún oníbọ́lá lọ́jọ́ ìsọjí, ó ṣeé ṣe kí owó yín má lè rà á padà.

Ẹ bẹ màmá kí wọ́n jókòó tì yín lọ́jọ́ Sátidé kan. Ẹ gbé àga fún wọn ní pálọ̀, ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀, kí ẹ máa tú àpótí kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì máa na aṣọ kọ̀ọ̀kan síwájú wọn. Ẹ má ṣe bi wọ́n pé, "Ṣé ká jù ú nù?", torí kò sí ìyá tí yóò ní ká jù ú nù. Ẹ bi wọ́n pé, "Màmá, ta lẹ fẹ́ kó máa lo èyí?" Ọ̀pọ̀ ìyá ló ti ní ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ kan lọ́kàn fún aṣọ kọ̀ọ̀kan, àyè àtisọ ọ́ ni wọn kò rí. Èyí tí wọ́n bá yàn fún ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kó kúrò nílé láàárín ọ̀sẹ̀ náà, nítorí bí ẹ bá kàn gbé e láti stóò lọ sí yàrá àwọn ọmọ, ẹ kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ohun kan wà tí ẹ kò béèrè, tí mo gbọ́dọ̀ sọ nítorí ọmọ ọwọ́ yín. Bí ẹ bá bá àwọn hóró funfun olóòórùn tí àwọn ènìyàn ń pè ní kánfọ̀ nínú àpótí, ẹ má ṣe fi ìró ibẹ̀ pọn ọmọ, ẹ má sì fi tẹ́ ẹ sùn láìfọ̀ ọ́. Naphthalene ni ọ̀pọ̀ nínú hóró wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ ọmọ nílẹ̀ wa ni wọ́n sì bí pẹ̀lú àìtó èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń fa òórùn náà símú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa bàjẹ́, kí ojú àti ara rẹ̀ pupa rúsúrúsú, èyí tó bá sì le nínú rẹ̀ lè ba ọpọlọ jẹ́. Ẹ fọ ìró àti àǹkárá, kí ẹ sá wọn títí òórùn yóò fi tán. Aṣọ òfì kò fẹ́ fífọ̀ léraléra ní tirẹ̀: ẹ nà án síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ lábẹ́ ìbòòji, torí oòrùn a máa ṣá aró ẹtù, ẹ fi aṣọ funfun wé e, kí ẹ sì máa yí ojú ibi tí ẹ ń ká a sí padà, nítorí ojú ibẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń já.

Ti rọ́bà rọrùn. Ẹ da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní kíṣìn, kí ẹ máa wá ọmọrí fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá rí ọmọrí, àti ọmọrí tí kò bá rí abọ́, kó máa lọ. Ife tí wọ́n ya fọ́tò olóògbé sí kì í ṣe ogún, ẹ máa fi mu tíì títí yóò fi fọ́. Ní ti ọkọ yín, ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ ní kí wọ́n dárúkọ ọjọ́ tí nǹkan náà yóò wúlò, èyí tí wọn kò bá sì rí iṣẹ́ fún títí di ọdún Kérésì, kí àwọn fúnra wọn gbé e jáde.

Ìbéèrè: Bàbá wa di olóògbé lọ́dún tó kọjá, ilé wọn ní Ọ̀wọ̀ sì ti wà ní títì láti ìgbà náà. Àwa ọmọ mẹ́ta fẹ́ lọ tún un ṣe. Ìwé ló kún yàrá wọn, eku sì ti gba stóò. Ẹ̀gbọ́n wa ní ká gbá gbogbo rẹ̀ jọ, ká dáná sun ún. Kí ni ká kọ́kọ́ ṣe?
*Àbúrò, Àkúrẹ́*

Ìdáhùn: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ẹ dá ìgbálẹ̀ dúró ná. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ibi tí ibà Lassa ti ń ṣọṣẹ́ jù ní Nàìjíríà, pàápàá lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku sì ni àrùn náà máa ń wà. Bí ẹ bá gbá a ní gbígbẹ, eruku lè gbé e wọ imú yín. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé kí afẹ́fẹ́ wọlé dáadáa, ẹ bo imú àti ẹnu, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí ẹ po ife jíìkì kan mọ́ ife omi mẹ́sàn-án, kí ẹ wọ́n ọn sórí ìgbẹ́ eku náà, ẹ jẹ́ kó rin fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ tó fi àkísà nù ún sínú náílọ́ọ̀nù, kí ẹ so ó pa.

Ní ti ìwé, ẹ má ṣe sun ohunkóhun tí ẹ kò tíì kà. Ilẹ̀ tí bàbá yín bá rà kí Òfin Lílo Ilẹ̀ tó dé ní 1978 lè má ní ẹ̀rí mìíràn ju rìsíìtì, ìwé àdéhùn àti ìwé sọ́fè lọ, àwọn àgbà a sì máa ká irú ìwé bẹ́ẹ̀ sínú Bíbélì tàbí ìwé orin, nítorí náà kí ẹ gbọn gbogbo ìwé wò. Ẹ tún wá ìwé báńkì, ìwé owó ìfẹ̀yìntì àti ìwé ṣíà iléeṣẹ́, torí ọ̀pọ̀ ìdílé ni kò mọ̀ pé èrè orí ṣíà bàbá wọn ṣì ń dúró dè wọ́n. Bíìlì NEPA àtijọ́ lè lọ. Fọ́tò tí ẹ kò mọ ojú inú rẹ̀, ẹ gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá tó bá ṣì wà láàyè, kí ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ tí wọ́n bá pè sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ wà níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá wọ yàrá náà ṣáájú àwọn yòókù, nítorí ìwé tí a kò rí nígbà tó yá ló máa ń dá ìfura sílẹ̀ láàárín ọmọ ìyá. Ẹ kó èyí tí ẹ bá fẹ́ mú sínú àpótí rọ́bà tó ní ọmọrí, kí ẹ gbé e kúrò nílẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò ìwé kọ̀ọ̀kan sórí fóònù ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ẹ tó pinnu ẹni tí ojúlówó rẹ̀ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀.