Ọwọ́ Ta Ló Wà Lórí Kíbọọ̀dù? Bí A Ṣe Lè Kọ́ Tíṣà Kí Gbogbo Ọmọ Lè Jàǹfààní Ìmọ̀ Kọ̀ǹpútà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni ọ̀gá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní agbègbè Ìsẹ́yìn. Àwọn ọmọ ìlú wa tó wà lókè òkun fi kọ̀ǹpútà alágbèéká mẹ́fà ta wá lọ́rẹ. Ọmọ 45 ló wà ní Pírámárì kẹrin wa. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ adití, òmíràn kò ríran dáadáa, àwọn ọmọbìnrin sì máa ń fà sẹ́yìn bí a bá ti gbé kọ̀ǹpútà jáde. Nínú tíṣà mẹ́jọ tí mo ní, méjì péré ló mọ kọ̀ǹpútà lò. Mo ní ọjọ́ márùn-ún nínú ọlidé tó ń bọ̀ láti fi dá wọn lẹ́kọ̀ọ́. Kí ni kí n kọ́ wọn, tí kò fi ní jẹ́ pé ọmọ mẹ́wàá ni nǹkan yóò yé tí àwọn yòókù yóò máa wòran?

Ìdáhùn: Ọ̀gá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ìparí ìbéèrè yín ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà: àwọn tí yóò máa wòran.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá àwọn tíṣà lẹ́kọ̀ọ́. Ohun tó yí ọ̀nà tí mo ń gbà ṣe é padà ni ohun tí mo rí ní iléèwé kan. Mo ti fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ tíṣà ibẹ̀, ó mọ iṣẹ́ náà. Nígbà tí mo lọ wo kíláàsì rẹ̀, àwọn ọmọ mẹ́fà mẹ́fà ló wà nídìí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Mo jókòó, mo ń wo ọwọ́ wọn. Fún odindi ogójì ìṣẹ́jú, ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló fọwọ́ kan kíbọọ̀dù tó wà níwájú mi. Ọmọbìnrin tó jókòó tì í ló ń bá a di ìwé mú. Nígbà tí ìyẹn náà wá ráyè béèrè nǹkan, tíṣà gba máòsì, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní "Ó ti bọ́ sí i," ó sì kọjá lọ. Ó dùn mí gan-an, torí bí èmi náà ṣe ń gba máòsì lọ́wọ́ àwọn tíṣà nígbà tí mo ń kọ́ wọn nìyẹn. Ohun tí mo ṣe ni wọ́n kọ́, kì í ṣe ohun tí mo sọ.

Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni kí ọjọ́ márùn-ún yín dá lé: ọwọ́ ta ló wà lórí kíbọọ̀dù, ohùn ta la sì ń gbọ́ ní kíláàsì? Tíṣà tó bá mọ kọ̀ǹpútà bí ẹní mowó tí kò sì mọ bí a ṣe ń wo ìyẹn, ọmọ mẹ́wàá náà ni yóò máa kọ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ti kọ̀ǹpútà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn tíṣà mẹ́fà tí ẹ̀rù ń bà yóò mí kanlẹ̀, àwọn méjì tó mọ̀ ọ́n lò kò sì ní lè gba iwájú. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kì í ṣe ká mọ bọ́tìnnì tí a ó tẹ̀. Bí a ṣe ń to àṣẹ ní ẹsẹẹsẹ fún ohun tí kò ní làákàyè tirẹ̀ ni, bí a ṣe ń sọ fún un pé kó tún nǹkan ṣe, kó sì wo bóyá nǹkan rí báyìí kó tó ṣe tọ̀hún. Láti àwọn ọdún 1990 ni Tim Bell, olùkọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè New Zealand ti ń fi bébà, ṣọ́ọ̀kì àti okùn kọ́ àwọn ọmọdé ní irú èyí láìtan kọ̀ǹpútà kankan. CS Unplugged ni wọ́n ń pe ètò náà.

Ohun èlò tiwa ni mo máa ń lò: ọpọ́n ayò. Ilé 12, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin, 48 lápapọ̀. Ẹ yan tíṣà kan kó ṣe bí ẹ̀rọ. Ohun tí wọ́n bá kọ síwájú rẹ̀ nìkan ni yóò ṣe. Bí wọn kò bá kọ ọ́, kò gbọ́dọ̀ fi ọgbọ́n orí kún un. Kí àwọn yòókù kọ àṣẹ fún un: "Kó gbogbo ọmọ inú ilé kẹta. Fi ọ̀kan sínú ilé tó tẹ̀ lé e. Tún un ṣe títí ọwọ́ rẹ yóò fi ṣófo." Nígbà tó bá yá, ẹ̀rọ yóò dúró gbagidi: wọ́n gbàgbé láti sọ bóyá ọ̀tún ni tàbí òsì. Wọn yóò padà lọ tún àṣẹ wọn kọ. Wíwá àṣìṣe àti títún un ṣe yẹn gan-an ni iṣẹ́ tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń ṣe láràárọ̀. Mo ti rí ìyá tíṣà tó ku ọdún díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì tó gbé orí sókè nídìí ọpọ́n yìí, tó ní, "Ṣé èyí náà ni gbogbo ẹ̀?" Òun ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn obìnrin kọ́kọ́ kọ àṣẹ o, torí ọ̀pọ̀ wọn ló dàgbà sí ibi tí wọ́n ti ń sọ pé àwọn bàbá ló ń ta ayò lábẹ́ igi. Àwọn ọmọbìnrin máa ń kọ́ ìbẹ̀rù lára tíṣà tó jẹ́ obìnrin, wọ́n sì máa ń kọ́ ìgboyà lára rẹ̀.

Lẹ́yìn ayò, ẹ fi ìdérí ìgò mẹ́rin kọ́ wọn bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ka nǹkan. Ìdérí kọ̀ọ̀kan dojú bolẹ̀ tàbí ó dojú sókè. Iye wọn láti òsì jẹ́ 8, 4, 2 àti 1. Ẹ ro iye àwọn tó dojú sókè pọ̀, ẹ ó lè ka òdo dé 15. Bí ẹ bá sọ ìdérí di mẹ́jọ, ọ̀nà 256 ló wà láti tò wọ́n. Iye Odù Ifá náà nìyẹn: ojú àmì mẹ́jọ ló wà nínú odù kọ̀ọ̀kan, kálukú jẹ́ ìlà kan tàbí méjì. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn tíṣà, inú wọn sì máa ń dùn pé ọgbọ́n náà kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ yìí. Àmọ́ n kì í ní kí wọ́n gbé e wọ kíláàsì àwọn ọmọdé. Bí òbí kan bá torí ìgbàgbọ́ rẹ̀ fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, a ti pàdánù ọmọ kan, bẹ́ẹ̀ ìdérí ìgò kò bí ẹnikẹ́ni nínú.

Ọ̀rọ̀ èdè kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà kan ní iléèwé St Stephen's "A" ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Òótọ́ ni pé "repeat" ni ọmọ yóò kà lójú kọ̀ǹpútà, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò sì fi ṣe ìdánwò. Ẹ kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kí ègbè orin àlọ́ jẹ́ ohun tí ẹ fi là á yé e: ẹ̀ẹ̀mélòó la gbè é, kí ló mú ká dáwọ́ dúró? Kí tíṣà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí wọn yóò máa lò, kí wọ́n kọ wọ́n sórí káádíbọọ̀dù, kí ti Pírámárì kẹrin má yàtọ̀ sí ti ìkarùn-ún.

Ìgbà tí ẹ bá wá gbé kọ̀ǹpútà jáde ni iṣẹ́ tó le jù. Kí tíṣà kan kọ́ni fún ìṣẹ́jú 15, kí márùn-ún ṣe bí ọmọ kíláàsì, kí méjì jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú bébà. Àwọn méjì yẹn kò ní wo bóyá ẹ̀kọ́ dùn. Ìlà ni wọn yóò máa fà: ọwọ́ ta ló kan kíbọọ̀dù, ta ni tíṣà pè, ẹ̀ẹ̀mélòó ni tíṣà fúnra rẹ̀ gba máòsì? Òfin tí mo ń fún wọn ni pé kí tíṣà káwọ́ sẹ́yìn bó bá ti sún mọ́ ọmọ. Ẹnu ni kó fi bi í pé, "Kí lo fẹ́ kó ṣe? Kí ló ṣe?" Ó máa ń nira. Kí gbogbo wọn ṣe é yípo lẹ́ẹ̀mejì, ó kéré tán.

Kí wọ́n tún kọ́ bí a ṣe ń dákẹ́. Mary Budd Rowe, olùwádìí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ kan ní Amẹ́ríkà, ṣàkíyèsí pé àwọn tíṣà kì í dúró ju nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ lẹ́yìn ìbéèrè. Nígbà tí wọ́n dúró tó mẹ́ta, àwọn ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Kí wọ́n máa ka ení, èjì, ẹ̀ta sínú kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni.

Ní ti kọ̀ǹpútà mẹ́fà fún ọmọ 45, ẹ má kó ọmọ méje mẹ́jọ jọ sídìí ọ̀kan. Ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin: méjìlá, méjìlá, méjìlá àti mẹ́sàn-án. Bí píríọ́ọ̀dù bá jẹ́ méjì lọ́sẹ̀, ogójì ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ọ̀wọ́ kan yóò lo ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, òmíràn yóò lo ìyókù, nígbà tí àwọn tó kù ń fi ayò àti bébà ṣiṣẹ́. Gbogbo ọmọ yóò débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, méjì méjì péré. Ọ̀kan yóò máa tẹ̀, èkejì yóò máa darí. Tó bá di ìṣẹ́jú kẹwàá, kí wọ́n pààrọ̀. Kí tíṣà lu agogo, torí bí kò bá lù ú, ọmọ tó ń tẹ̀ kò ní dìde.

Ẹ má gbà fún ẹni tó bá sọ pé àwọn ọmọbìnrin kò fẹ́ràn rẹ̀. Ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà, nínú 100 akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tó ń wọlé kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní 1995, nǹkan bí méje ló jẹ́ obìnrin. Wọ́n yí bí wọ́n ṣe ń gbani wọlé àti bí wọ́n ṣe ń kọ́ni padà, wọ́n sì dá àwọn tíṣà iléèwé gírámà lẹ́kọ̀ọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Nígbà tó di 2000, ó ti di 42 nínú 100. Àwọn ọmọbìnrin kọ́ ló yí padà.

Nípa ọmọ adití yín: kò lè wo ọwọ́ tíṣà kó tún máa wo ojú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà. Kí tíṣà ṣàpẹẹrẹ, kó dúró, kí ọmọ gbé ojú kúrò lára rẹ̀, kó tó máa bá a lọ. Kí ó má dojú kọ pátákó sọ̀rọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé sì máa mọ́ sí ojú tíṣà. Ẹ pe òbí rẹ̀ wá sí ọ̀kan nínú ọjọ́ márùn-ún yẹn, kí wọ́n fi àmì tí ọmọ náà ń lò nílé hàn yín, kí gbogbo kíláàsì kọ́ tó mẹ́wàá nínú rẹ̀: dúró, tún un ṣe, ó di ọwọ́ rẹ, níbo ló ti bàjẹ́. Ti èyí tí kò ríran dáadáa rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kọ́ àwọn tíṣà láti sọ lẹ́tà di ńlá pẹ̀lú bọ́tìnnì Ctrl àti àmì àròpọ̀ (+), kí àṣẹ orí káádíbọọ̀dù tóbi kó sì dúdú dáadáa. Bí ojú rẹ̀ bá tún rẹ̀yìn, ètò kọ̀ǹpútà kan wà tó ń jẹ́ NVDA, ọ̀fẹ́ ni, a máa ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà síni létí. Òfin tó dáàbò bo àwọn akàndá ẹ̀dá, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019, ti fún àwọn ọmọ méjèèjì lẹ́tọ̀ọ́ sí èyí, nítorí náà kí tíṣà má ṣe é bíi pé ó ń ṣàánú wọn.

Ọjọ́ karùn-ún ni kí ẹ tó fọwọ́ kan Scratch, ètò tí àwọn ọmọdé fi ń to àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà ní 2007. Ẹ ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà ṣáájú. Kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ lẹ́yìn náà. Kí tíṣà má sọ fún ọmọ pé kó ṣẹ̀dá nǹkan láti orí òfìfo, torí ọmọ tó ní kọ̀ǹpútà nílé nìkan ni yóò lè ṣe é. Kó gbé ètò kékeré tó ti parí síwájú wọn, kí olúkúlùkù sọ ohun tó rò pé yóò ṣẹlẹ̀, kí wọ́n tó tẹ àsíá aláwọ̀ ewé. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò yí nǹkan kan padà nínú rẹ̀, kí wọ́n tó ṣe tiwọn.

Ọjọ́ márùn-ún kò tó, ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ so àwọn tíṣà pọ̀ ní méjì méjì, kí ọ̀kan máa lọ jókòó sí kíláàsì èkejì fún ogún ìṣẹ́jú ní ọjọ́ Ẹtì, pẹ̀lú bébà tó ní orúkọ gbogbo ọmọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ fi àwọn bébà náà ránṣẹ́ sí mi, ká jọ wò wọ́n. Bí ìlà ọmọ adití yẹn bá kéré, ibi tí wọ́n fi í jókòó sí ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.