Ẹ Má Tíì Gba Gbọ̀ngàn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bíṣíkíìtì ní Ọ̀tà ni mo wà. Oṣù tó kọjá ni wọ́n fi mí ṣe máníjà tó ń bójú tó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́. Ọ̀gá wa ní ọjà tó ń bàjẹ́ ti pọ̀ jù, kí n gba gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì, kí n pe olùkọ́ wá láti Èkó. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire o. Ẹ jẹ́ kí gbọ̀ngàn dúró ná. Ẹ lọ dúró ti ẹ̀rọ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ọ̀kan jẹ́ ṣíìfù alẹ́.

Níbi kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ọ̀rá tí a ń di ìyẹ̀fun sí ń jò. Wọ́n ní àwọn ọmọ alẹ́ ò mọṣẹ́, kí n kọ́ wọn. Mo kọ́ wọn, a jẹ ìrẹsì, a mu mínírà, gbogbo wọn kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù pé àwọn gbádùn ẹ̀kọ́ náà. Ọ̀rá ṣì ń jò. Ìgbà tí mo lọ dúró tì wọ́n ní aago méjì òru ni mo tó rí i. Bí iná bá lọ tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, irin tó ń lẹ ẹnu ọ̀rá á ti tutù, ṣùgbọ́n ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń taná sí ẹ̀rọ, torí iye àpò ni wọ́n ń kà fún wọn. Obìnrin tó wà níbẹ̀ mọ̀. Ó ń fi àtàǹpàkò tẹ ẹnu ọ̀rá wò, ó ń ju èyí tó bá ṣí sẹ́yìn. Kò kàn láṣẹ láti ní kí ẹ̀rọ dúró ni. Kí ni n óò tún kọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Torí náà, ẹ kọ́kọ́ wò ó: ṣé wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe ni, àbí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe, nǹkan kan ni ò jẹ́ kí wọ́n ṣe é? Èyí àkọ́kọ́ nìkan ni tiyín. Ìkejì, ẹ gbé e lọ bá ẹnjiníà tàbí súpáfásọ̀.

Bí wọn ò bá mọ̀ ọ́n ṣe lóòótọ́, ẹ wo àárín àwọn àgbà iṣẹ́ kí ẹ tó wo Èkó. Àmọ́ ẹ dín iye tó yẹ kí ẹni tí ẹ bá yàn ṣe kù lọ́sẹ̀ yẹn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò pa ọmọ tuntun tì, yóò gbájú mọ́ tiẹ̀.

Ti owó, ẹ bi àwọn akáǹtì léèrè nípa ITF (Industrial Training Fund), àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́. Òfin àjọ náà ti 1971, tí wọ́n tún ṣe ní 2011, ní kí ilé-iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa san fún un ìdá 1 nínú 100 àpapọ̀ owó oṣù ọdún kan. Bí àjọ náà bá gbà pé ẹ̀kọ́ yín kúnjú ìwọ̀n, ó lè tó ìdajì owó tí ẹ san fún un tí ẹ óò gbà padà. Ẹ máa tọ́jú rìsíìtì àti orúkọ àwọn tó wá láti ọjọ́ kìíní.

Ní ti ọ̀gá yín, ẹ tọrọ ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ ka èyí tó ń bàjẹ́ ní ṣíìfù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ṣíìfù kan ló ń bàjẹ́ jù, ibẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ lọ dúró.