Ṣé ṣíkìnpọ́ọ̀sì ìgbà èwe lè padà wá bá àgbàlagbà?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀gbẹ́ òsì ti ń ta màmá mi, ẹni ọdún 68, fún bí ọjọ́ mẹ́rin. Àná ni ìléròrò wá sú láti ẹ̀yìn wọn yí dé abẹ́ ọmú, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Nọ́ọ̀sì àdúgbò ní ṣíkìnpọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣe ní kékeré ló jí padà. Àwọn ará ilé ní àfiṣe ni. Ìyàwó mi tó lóyún ló ń wẹ̀ fún wọn. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Nọ́ọ̀sì yín mọ ohun tó ń sọ. Shingles là ń pè é. Nígbà tí ṣíkìnpọ́ọ̀sì bá san, ara á mọ́, ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ kì í lọ. Ṣe ló máa ń sá pamọ́ sí ìdí àwọn iṣan ìmọ̀lára lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, tí agbára tí ara fi ń bá àrùn jà á sì máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, nígbà mìíràn fún ọgọ́ta ọdún. Bí agbára yẹn bá dínkù, ìbáà jẹ́ nítorí ọjọ́ orí, HIV tàbí oògùn jẹjẹrẹ, á jí, á sì tọ iṣan kan jáde sí awọ ara. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í sábà kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì, tó sì máa ń rí bíi pé wọ́n fi pàṣán na èèyàn. Mi ò bá àwọn ará ilé wí, ó jọ ohun tí ẹnìkan fi ṣe ni lóòótọ́. Àmọ́ kò sí ọwọ́ ọ̀tá kankan níbẹ̀.

Ẹ gbé màmá lọ sí ọsibítù lónìí. Láàárín wákàtí 72 tí ìléròrò bá yọ ni acyclovir, oògùn tó ń bá fáírọ́ọ̀sì yìí jà, ti ń ṣiṣẹ́ jù, ẹ sì ti lo ọjọ́ kan níbẹ̀. Ẹ má fi àdí tàbí ògógóró pa ojú ibẹ̀. Bó bá jẹ́ iwájú orí tàbí imú ló sú sí, mi ò bá ní kẹ́ ẹ má dúró rárá, torí ó lè ba ojú jẹ́. Ìrora lè kù fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí awọ bá ti san. Oògùn tirẹ̀ wà, kì í ṣe Panadol lásán.

Ní ti ìyàwó yín, kò lè kó shingles lára màmá. Ṣíkìnpọ́ọ̀sì ló lè kó látinú omi ìléròrò náà, bí kò bá ṣe é rí tí kò sì gba àjẹsára rẹ̀. Ó sì léwu fún aboyún. Bí kò bá dá a lójú pé òun ti ṣe é, kó sọ fún àwọn tó ń tọ́jú oyún rẹ̀ lónìí kan náà, wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Kí ẹlòmíràn máa wẹ̀ fún màmá, kí aṣọ mímọ́ sì bo ojú ibẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ á fi gbẹ, tí á pa èépá.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára shingles wà fún ẹni ọdún 50 sókè, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gbà á. Ẹ má béèrè rẹ̀ fún màmá báyìí. Ó di ìgbà tí èyí bá san tán.