Má fo tábìlì, àbúrò

Àbúrò tó béèrè bóyá òun lè fo àwọn tábìlì (àtẹ nọ́ńbà àbájáde) inú ìwé ìwádìí saikọ́lọ́jì, kí òun sì ka discussion, ibi tí àwọn olùṣèwádìí ti ń túmọ̀ ohun tí wọ́n rí, nìkan torí pé ibẹ̀ ló yé òun: èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ojú gbà mí tì lọ́jọ́ tí mo lọ gbèjà pírójẹ́ẹ̀tì mi.

Ìwé Carney, Cuddy àti Yap, ti ọdún 2010, ni mo gbójú lé. Wọ́n ní béèyàn bá dúró tàbí jókòó bí ọ̀gá fún ìṣẹ́jú 2 péré, kó na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbalaja, ara àti ọkàn rẹ̀ á yí padà. Nínú discussion, wọ́n ní bóyá ó tiẹ̀ lè ranni lọ́wọ́ níbi intafíù iṣẹ́. Mo gbé e sínú Orí Kejì mi pé "ìwádìí ti fi hàn." Bàbá kan tí wọ́n pè wá láti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Nínú àwọn tí wọ́n wò yìí, ta ló ṣe intafíù?"

Mo ṣí ìwé síwá, mo ṣí i sẹ́yìn. Kò sẹ́nì kankan. Èèyàn 42 ni. Wọ́n gba itọ́ wọn láti fi wo hòmóònù (kẹ́míkà inú ara), wọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n ń rí ara wọn bí alágbára, wọ́n sì fún wọn ní dọ́là 2: mú un lọ, tàbí kó o fi ta tẹ́tẹ́ bóyá á di 4. Ó parí síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ "bóyá" wà níwájú intafíù yẹn, èmi ni mo gbé e mì.

Látìgbà náà, ohun tí wọ́n ṣe àti ohun tí wọ́n rí ni mo kọ́kọ́ ń kà. Mo á kọ ọ́ sórí ìwé pélébé: àwọn wo ni wọ́n wò, kí ni wọ́n wọ̀n? Bí mo bá wá dé discussion, gbólóhùn tí kò bá sí lórí ìwé mi, èrò wọn nìyẹn. Èrò ò burú, iṣẹ́ abala yẹn ni. Ṣùgbọ́n ta lo rí tó ń ta ọsàn tó máa pariwo pé ọsàn òun kan?

Ibi tí wọ́n ti ń sọ àléébù iṣẹ́ wọn ni kó o dúró sí jù. Àwọn míì á ní èèyàn àwọn kéré, ìpínrọ̀ tó tẹ̀ lé e á sì máa sọ̀rọ̀ nípa gbogbo ọmọ aráyé. Ti Shoda, Mischel àti Peake, 1990, lórí àwọn ọmọ tó lè ṣe sùúrù de súìtì kejì dípò kí wọ́n jẹ ẹyọ kan lójú ẹsẹ̀, yàtọ̀. Ọmọ 35 péré ni ìbátan sùúrù pẹ̀lú máàkì SAT (ìdánwò àtiwọ yunifásítì ní Amẹ́ríkà) tí ayé ń sọ dúró lé, àwọn fúnra wọn sì kìlọ̀ pé kéèyàn rọra. Àwọn tó ń ròyìn rẹ̀ kiri ni ò ka ìkìlọ̀. Nígbà tí Watts, Duncan àti Quan wo ọmọ tó lé ní 900 ní 2018, ìbátan náà kéré, ó sì tún fi nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta dín kù nígbà tí wọ́n ka irú ilé tí ọmọ ti wá àti bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe pé láti kékeré mọ́ ọn.

Tún máa wo ẹni tó tún ìwádìí náà ṣe. Ní 2015, Ranehill àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún ti Carney ṣe pẹ̀lú èèyàn 200: àwọn èèyàn náà ní àwọn ń rí ara àwọn bí alágbára lóòótọ́, àmọ́ hòmóònù ò yí, tẹ́tẹ́ ò yí. Ní 2016, Carney fúnra rẹ̀ kọ ọ́ síta pé òun ò gbà á gbọ́ mọ́.

Tábìlì tó ń dẹ́rù bà ọ́ yẹn, mú ẹyọ kan wá, ká jọ kà á.