Ṣé kí n bá wọn gbẹ́ elégédé Halloween?

Ẹ̀yin òbí mi, ẹ kú ọmọ o. Illinois ni mò ń gbé, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́dọọdún, tí oṣù kẹwàá bá ti ń parí lọ, tí ọdún Halloween ń bọ̀, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń gbẹ́ ojú sára elégédé, wọ́n á tanná sínú rẹ̀, wọ́n á tò ó sẹ́nu ọ̀nà. Mo máa ń yẹra, torí wọ́n ní ìjọ wa pé ohun òkùnkùn ni. Lọ́dún yìí wọ́n ti kọ orúkọ mi sílẹ̀, ọmọ mi ọkùnrin náà sì ń bẹ̀ mí pé kí á gbé ọ̀kan síwájú ilé. Kí ni kí n ṣe? N ò tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ.

Èsì:

Àbúrò mi, kú làálàá. Amẹ́ríkà níbí ni mo ti tọ́ àwọn ọmọ tèmi, mo sì mọ ohun tó ń dùn ọ́. Bá wọn gbẹ́ ẹ.

N ò ní tàn ọ́ jẹ, ọ̀rọ̀ òkú àti iwin wà nínú ìtàn rẹ̀. Àwọn ará Ireland ló kó o wá. Turnip, ewébẹ̀ onígbòǹgbò kan tó rí roboto, ni wọ́n ń gbẹ́ nílé wọn, wọ́n sì máa ń pìtàn ahun kan tó ń jẹ́ Jack: ó rẹ́ èṣù jẹ, ọ̀run kò gbà á, ọ̀run àpáàdì kò gbà á, ló bá ń gbé ẹyin iná kiri lóru nínú turnip. Nígbà tí ìyàn lé ọ̀pọ̀ wọn wá síbí lẹ́yìn ọdún 1845, wọ́n bá elégédé tó tóbi tó sì rọrùn láti gbẹ́ ju turnip lọ. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, ọjọ́ Halloween, sì ni àìsùn Ọjọ́ Gbogbo Ènìyàn Mímọ́ nínú ìjọ Àgùdà.

Àmọ́ ní àdúgbò rẹ, àmì ni elégédé tó ń tàn: ó ń sọ fáwọn ọmọdé pé kí wọ́n wá kanlẹ̀kùn gba súìtì. Ilé tó bá ṣókùnkùn, wọ́n á fò ó. Lókèèrè tí a kì í mọ orúkọ ẹni tí ògiri wa kan tirẹ̀, alẹ́ ọjọ́ yìí ni gbogbo àdúgbò ń yà kí ara wọn. Mi ò fẹ́ kí ilé ọmọ rẹ jẹ́ èyí tí wọ́n ń fò.

Kò sì sí ẹni tó ní kí o gbẹ́ ojú èṣù. Gbẹ́ ìràwọ̀, gbẹ́ òdòdó. Ọnà bíi ti igbá fínfín Ọ̀yọ́ ni èmi ṣe sí tèmi níbi iṣẹ́. Má jẹ́ kí ọ̀bẹ lu ibẹ̀ já. Èèpo nìkan ni kí o ha, iná á máa gba ara elégédé yọ, yóò pọ́n ròrò. Gbogbo àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló yí tèmi ká, tí wọ́n ń béèrè ibi tí mo ti kọ́ ọ.

Illinois yẹn gan-an ni wọ́n ti ń gbin elégédé jù ní Amẹ́ríkà, nítorí náà lọ sóko, kí ọmọ rẹ fọwọ́ ara rẹ̀ yàn án. Ìdí ni kí o dá lu, kì í ṣe orí; wàá lè gbé e ka iná lórí tààrà. Fi ṣíbí tó le ha inú rẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi ku bí íǹṣì kan. Ayùn kékeré tí wọ́n ń tà fún un ni kí o lò, torí ọ̀bẹ ìdáná máa ń yọ̀ lára èèpo rẹ̀. Kí ọmọ yàwòrán kó sì kó hóró jáde, ìwọ ni kí o gé e. Fi Vaseline pa ojú ibi tí o gé kó má tètè gbẹ. Má gbẹ́ ẹ ju ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú, torí ó máa ń tètè bu, á sì jẹrà. Àbẹ́là alábátìrì ni kí ẹ lò níbi iṣẹ́, nítorí àwọn arúgbó.

Jẹ́ kí àwọn arúgbó yẹn bá yín kó hóró. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti ṣe é nígbà èwe, wàá gbọ́ ìtàn. Hóró náà, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a kó gbẹ, ẹ fi iyọ̀ àti òróró díẹ̀ yan án. A máa dùn.

Bí ọkàn rẹ kò bá gbà á rárá, sọ fún wọn pé oúnjẹ ni wàá gbé wá, kí o sì jókòó tì wọ́n. Ṣùgbọ́n tan iná ẹnu ọ̀nà rẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, kí o sì ra súìtì sílẹ̀.