Èsì: Fífagi lé òfin yàtọ̀ sí sísọ ọ́ di asán

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ṣé ohun kan náà ni kí wọ́n fagi lé òfin àti kí wọ́n sọ ọ́ di asán. Rárá o. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Kwara ní Ìlọrin lè fagi lé òfin tí wọ́n ṣe, àmọ́ ẹ̀tọ́ tí èèyàn ti ní lábẹ́ òfin náà tẹ́lẹ̀ kì í sábà bá a lọ. Ilé ẹjọ́ ló ń sọ òfin di asán, tó bá ta ko ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999.

Irú ìyàtọ̀ báyìí tún wà nínú àdéhùn, òun gan-an ló sì ká mi lára. Onílé ní Tanke, ní Ìlọrin, tó fún ayálégbé ní nótíìsì tó yẹ, ó fòpin sí àdéhùn ni. Èyí tó ju ẹrù ayálégbé síta lóru, tó wá ń pariwo pé òun ti wọ́gi lé àdéhùn, ó yẹ àdéhùn ni, wọ́n sì lè pè é lẹ́jọ́.