Ṣé lóòótọ́ ni ilé ẹjọ́ dá Google lẹ́bi, ṣé ó sì ń ṣọ́ wa lórí Incognito, ìyẹn ọ̀nà lílo íńtánẹ́ẹ̀tì ní ìkọ̀kọ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó jẹ̀bi. Ìjọba Amẹ́ríkà pè é lẹ́jọ́ ní oṣù kẹwàá 2020, Adájọ́ Amit Mehta sì dá a lẹ́bi ní oṣù kẹjọ 2024 pé ó fi ọ̀nà tí kò bófin mu gba ọjà ìṣàwárí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́. Kì í ṣe títóbi rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ o, owó tó ń san ni. Ní 2021 nìkan, bílíọ̀nù 26.3 dọ́là ló san fún Apple, Samsung àtàwọn mìíràn, kí ẹ̀rọ ìṣàwárí rẹ̀ lè ti wà lórí fóònù kí o tó rà á. Mélòó nínú wa ló ń yí i padà?

Ní oṣù kẹsàn-án 2025, adájọ́ ní kò pọn dandan kí Google ta Chrome, áàpù rẹ̀ tí a fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kó fún àwọn abánidíje ní díẹ̀ nínú dátà ìṣàwárí rẹ̀.

Ẹjọ́ ọ̀tọ̀ ni ti Incognito. Ní 2024, Google gbà láti pa àkọsílẹ̀ tó kó jọ níbẹ̀ rẹ́. Ẹni tó bá yá fóònù rẹ lò ni Incognito ń fi nǹkan pamọ́ fún, kì í ṣe Google.